Bí a ṣe ń wá òbìrìkìtì tó kéré jù tó lè kó àwọn òbìrìkìtì mìíì sínú

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ní òbìrìkìtì mélòó kan lórí bébà, òmíì kéré, òmíì tóbi, òmíì jìnnà sí àwọn tó kù, òmíì sì ti wọnú ara wọn, ẹ wá fẹ́ fa òbìrìkìtì ńlá kan tó máa kó gbogbo wọn sínú láì fi àyè ṣòfò. Ibo ni àárín rẹ̀ máa wà? Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ dájú pé kò tún sí èyí tó kéré jù ú lọ? Ẹni tó ń kọ géèmù máa ń bá ìbéèrè yìí pàdé tó bá fẹ́ tètè mọ̀ bóyá nǹkan méjì máa kọlu ara wọn, ẹni tó ń fi àwòrán ṣàlàyé dátà náà máa bá a pàdé, ẹni tó ń gé irin sì máa bá a pàdé.

Ohun tó wù mí kẹ́ ẹ dì mú látìbẹ̀rẹ̀ nìyí: bí òbìrìkìtì yín bá tiẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún kan, mẹ́ta péré ti tó láti di ti ìta yẹn mú síbi tó wà. Nígbà míì méjì ló máa dì í mú, nígbà míì ẹyọ kan. Òmíì lè fara kàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ti ìta ò ní mira. Màá máa pe àwọn tó dì í mú yìí ní adìmú. Gbogbo iṣẹ́ wa ò ju ká wá àwọn adìmú lọ, torí tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ wọ́n, ìṣirò tó kù ò le.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa pọ̀ mọ́ ara wọn o. Níbí, àwọn òbìrìkìtì wa ò lè kúrò lójú kan, ibi tí wọ́n wà ni wọ́n wà. Tó bá jẹ́ pé ẹ lè tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún kí wọ́n lè fún pọ̀, bíi wáyà tí wọ́n fẹ́ kì bọ inú páìpù, ìyẹn iṣẹ́ mìíì ni, ó sì le ju èyí lọ fíìfíì, ohun tí mo máa sọ níbí ò ní yanjú ẹ̀.

Irú ìlà wo gan-an lẹ fẹ́?

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá òbìrìkìtì lẹ nílò lóòótọ́. Mo máa lo òbìrìkìtì mẹ́ta jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: A, àárín rẹ̀ wà ní (0, 0), rédíọ̀sì rẹ̀, ìyẹn ìjìnnà láti àárín dé etí rẹ̀, jẹ́ 2. B, àárín rẹ̀ wà ní (20, −1), rédíọ̀sì 5. C, àárín rẹ̀ wà ní (12, 17), rédíọ̀sì 3.

Èyí tó rọrùn jù ni àpótí onígun mẹ́rin tó dúró ṣánṣán. Fún òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan ẹ yọ rédíọ̀sì kúrò lára x, ẹ mú èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn, ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ fi rédíọ̀sì kún x, ẹ mú èyí tó tóbi jù, ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ ṣe bákan náà fún y, ó parí. Fún àwọn mẹ́ta wa, x lọ láti −2 dé 25, y lọ láti −6 dé 20, àpótí náà sì jẹ́ 27 lọ́nà 26, ìyẹn 702.

Èyí tó fún mọ́ wọn lára jù ni kẹ́ ẹ fojú inú wo okùn kan tẹ́ ẹ so yí gbogbo wọn ká, tẹ́ ẹ wá fà á kó le dáadáa. Okùn náà máa lọ tààrà láti ara òbìrìkìtì kan dé ara òmíì, ó máa wá rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan wọn. Gígùn apá tó lọ tààrà láàárín òbìrìkìtì méjì ni square root [d² − (r₁ − r₂)²], d ni ìjìnnà láàárín àárín méjèèjì, r₁ àti r₂ sì ni rédíọ̀sì wọn. Fún A, B, C, apá tó lọ tààrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 19.80, 20.78 àti 19.60, tẹ́ ẹ bá fi àwọn ibi tó kọdọrọ kún un, gbogbo okùn náà jẹ́ bíi 81.7, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ bíi 417.4. Tí rédíọ̀sì gbogbo wọn bá dọ́gba, iṣẹ́ yìí tún rọrùn sí i: ẹ na okùn yí àwọn àárín nìkan ká, ẹ wá fi 2πr kún gígùn rẹ̀. Tí rédíọ̀sì ò bá dọ́gba, ẹ ṣọ́ra, torí òbìrìkìtì ńlá kan lè jáde lára okùn náà nígbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bó bá wà láàárín àwọn kékeré tó yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. David Rappaport kọ ọ̀nà tó yá láti ṣe é jáde ní 1992.

Òbìrìkìtì tó kéré jù tó kó A, B, C sínú ní rédíọ̀sì 15, bá a ṣe máa rí i láìpẹ́, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ bíi 707. Ẹ rí i pé àpótí tiẹ̀ fi díẹ̀ kéré sí i! Nítorí náà tó bá jẹ́ àyè nìkan lẹ̀ ń rò, òbìrìkìtì kọ́ ló máa ń gba ipò kìíní. Ohun tó fi dára ni pé nọ́ńbà mẹ́ta péré ló tó láti tọ́jú rẹ̀, x, y àti rédíọ̀sì, ẹ sì lè yí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ po bó ṣe wù yín, òun ò ní yí padà. Àpótí ò lè ṣèyẹn.

Ìdánwò kan ṣoṣo tá a máa lò láìmọye ìgbà

Òbìrìkìtì kékeré wà nínú ńlá tí d + r ò bá ju R lọ. d ni ìjìnnà láti àárín kan dé àárín kejì, r ni rédíọ̀sì ti kékeré, R ni ti ńlá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí d + r bá bá R dọ́gba gẹ́lẹ́, á jẹ́ pé ó fara kan ògiri, ìyẹn etí ńlá, látinú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gba ẹ̀bùrú. Wọ́n á wá òbìrìkìtì tó kéré jù tó kó àwọn àárín nìkan sínú, wọ́n á wá fi rédíọ̀sì tó tóbi jù kún un. Lóòótọ́ gbogbo wọn máa wọnú ẹ̀, àmọ́ ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, òbìrìkìtì tó kó àwọn àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní rédíọ̀sì 11.66, tẹ́ ẹ bá fi 5 ti B kún un ó di 16.66, ohun tá a nílò ò sì ju 15 lọ. Ìgbà tó dájú pé ẹ̀bùrú yìí máa pé gẹ́lẹ́ ni ìgbà tí gbogbo rédíọ̀sì bá dọ́gba. Àwọn mìíì á to ojúàmì yí etí òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n á wá òbìrìkìtì tó kó àwọn ojúàmì náà. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú tèmi, torí ó máa ń kéré díẹ̀ sí ohun tó yẹ, etí àwọn kan á sì yọ síta.

Adìmú kan, adìmú méjì

Tí òbìrìkìtì kan bá ti kó gbogbo àwọn yòókù sínú, òun fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn. Ẹ má fo èyí o, torí tẹ́ ẹ bá lọ lo fọ́múlà òbìrìkìtì méjì nígbà tí ọ̀kan ti wà nínú èkejì, èsì tó máa fún yín máa kéré ju èyí tó tóbi nínú wọn lọ, ìyẹn ò sì lè jẹ́ òótọ́.

Tó bá jẹ́ méjì tí ìkankan ò kó èkejì sínú, R = (d + r₁ + r₂) ÷ 2. Àárín rẹ̀ wà lórí ìlà tó so àárín méjèèjì pọ̀, ẹ kúrò ní àárín àkọ́kọ́, ẹ rìn lọ sọ́dọ̀ èkejì níwọ̀n R − r₁, ẹ dúró níbẹ̀. Fún A àti B: d ni square root 401, ìyẹn 20.025, R wá jẹ́ 13.51, àárín rẹ̀ bọ́ sí bíi (11.50, −0.57). Ṣé C wọnú ẹ̀? Ìjìnnà láti ibẹ̀ dé àárín C jẹ́ 17.58, ẹ fi 3 kún un ó di 20.58, ó ti ju 13.51 lọ fíìfíì. A àti C ńkọ́? R jẹ́ 12.90, B sì nílò bíi 21.92. B àti C: R jẹ́ 13.85, A nílò 19.87. Kò sí méjì tó tó, nítorí náà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni adìmú.

Adìmú mẹ́ta

Apá tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù nìyí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tá a kọ́ níléèwé girama ló wà ńbẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ni àárín (x, y) àti R tí ìjìnnà dé àárín ìkọ̀ọ̀kan máa fi jẹ́ R dín rédíọ̀sì rẹ̀:

x² + y² = (R − 2)²
(x − 20)² + (y + 1)² = (R − 5)²
(x − 12)² + (y − 17)² = (R − 3)²

Ẹ yọ ìdọ́gba kejì kúrò nínú àkọ́kọ́. x², y² àti R² máa pa ara wọn rẹ́, ohun tó ṣẹ́ kù ni 20x − y = 3R + 190. Ẹ yọ ẹ̀kẹta kúrò nínú àkọ́kọ́ náà, ó máa fún yín ní 12x + 17y = R + 214. Ẹ wá ṣe bí ẹni pé ẹ ti mọ R, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wá x àti y:

x = (13R + 861) ÷ 88
y = (125 − R) ÷ 22

Ẹ fi ìwọ̀nyí rọ́pò x àti y nínú ìdọ́gba àkọ́kọ́, R nìkan ló máa kù:

7559R² − 49362R − 960345 = 0

Fọ́múlà tá a fi ń yanjú ìdọ́gba tó ní R² máa fún yín ní ìdáhùn méjì, 15 àti −8.47. Ẹ mú 15. x jẹ́ 12, y jẹ́ 5. Ẹ dán an wò: láti (12, 5) dé A jẹ́ 13, fi 2 kún un, 15. Dé B jẹ́ 10, fi 5 kún un, 15. Dé C jẹ́ 12, fi 3 kún un, 15. Ó pé gẹ́lẹ́.

Èyí tó jẹ́ −8.47 yẹn náà kì í ṣe ìdọ̀tí o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú ẹ̀ kúrò, rédíọ̀sì òbìrìkìtì tó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó fara kàn wọ́n láti ìta wọn, ni. Apollonius ará Perga ti gbé irú ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú Jésù, òbìrìkìtì tó lè fara kan mẹ́ta tí ò kan ara wọn sì máa ń tó mẹ́jọ, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ tó bá ti kan ìkọ̀ọ̀kan. Àwa ń wá ẹyọ kan péré nínú wọn, èyí tó kó gbogbo wọn sínú.

Tí àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lórí ìlà tààrà kan náà, ibi tá a ti pín nǹkan sí 88 yẹn á di pé ẹ̀ ń pín in sí òdo, kóòdù yín á sì dákú. Ẹ má ṣe wàhálà rárá, ẹ fo irú mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Àárín òbìrìkìtì tó kéré jù gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà yẹn náà, torí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ìlà náà jọra, nítorí náà adìmú ò lè ju méjì lọ níbẹ̀, fọ́múlà méjì á sì ti rí i.

Ṣé òun ló kéré jù lóòótọ́?

Pé òbìrìkìtì kan fara kan mẹ́ta ò sọ pé òun ló kéré jù. Ẹ wo ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti kan ògiri, ẹ wo igun tí ibẹ̀ wà láti àárín. Nínú ti wa, C wà ní 90°, A wà ní 202.6°, B wà ní 323.1°. Àlàfo láàárín wọn jẹ́ bíi 112.6°, 120.5° àti 126.9°. Tí kò bá sí àlàfo kankan tó ju 180° lọ, wọ́n ti dì í mú, kò síbi tí àárín fẹ́ sún sí tí ò ní jìnnà sí ọ̀kan nínú wọn. Tí àlàfo kan bá ju 180° lọ, á jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń tì í, ẹ lè sún àárín lọ sápá ibẹ̀ kí rédíọ̀sì sì dín kù, nítorí náà kì í ṣe òun. Fún adìmú méjì, àlàfo méjèèjì máa jẹ́ 180° gẹ́lẹ́. Ìdánwò yìí ò gba àkókò rárá, ẹ fi í sínú kóòdù yín.

Tí wọ́n bá pọ̀

Tí òbìrìkìtì yín ò bá ju àádọ́ta lọ, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò: ìkọ̀ọ̀kan, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tó kéré jù nínú àwọn tó kó gbogbo wọn sínú. Fún 50, méjì méjì jẹ́ 1,225, mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ 19,600, tẹ́ ẹ bá wá fi ìkọ̀ọ̀kan wé gbogbo àádọ́ta, gbogbo ẹ̀ fi díẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ, kọ̀ǹpútà ò ní mí kanlẹ̀ torí ìyẹn. Ṣùgbọ́n fún 1,000, mẹ́ta mẹ́ta nìkan ti ju mílíọ̀nù 166 lọ, níbẹ̀ yẹn ó yẹ kẹ́ ẹ yí ọ̀nà padà.

Ọ̀nà tí mo máa ní kẹ́ ẹ lò nìyí. Ẹ po àwọn òbìrìkìtì yín pọ̀ kí wọ́n má wà ní ìtò kankan. Ẹ mú ẹyọ kan, òun ni adìmú àkọ́kọ́, òun náà sì ni òbìrìkìtì ìta fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá máa yẹ àwọn yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wọlé, ẹ kọjá. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀kan tí ò wọlé, ẹ jẹ́ ká pè é ní P, P gbọ́dọ̀ di ọ̀kan lára adìmú tuntun, torí òun ló ń ti ògiri síta. Ẹ mú P àti àwọn adìmú àtijọ́, gbogbo wọn ò lè ju mẹ́rin lọ. Ẹ dán P nìkan wò, P pẹ̀lú ẹnì kan, P pẹ̀lú ẹni méjì, gbogbo ẹ̀ ò ju ọ̀nà méje lọ. Nínú àwọn tó kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú, ẹ mú èyí tí R rẹ̀ kéré jù, àwọn tó ṣe é ni adìmú tuntun. Ẹ wá padà síbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ gbogbo wọn wò látòkè. Ìgbà tẹ́ ẹ bá yẹ̀ wọ́n dé òpin tí ẹnikẹ́ni ò sì yọ síta, ẹ ti parí.

Kò lè máa yí ká láìdáwọ́ dúró, torí gbogbo ìgbà tí adìmú bá yí padà ni R ń tóbi sí i, kò sì lè padà sórí adìmú tó ti fi sílẹ̀. Ìlànà Matoušek, Sharir àti Welzl ni ọ̀nà yìí tẹ̀ lé, òun náà ló wà nínú packEnclose tí D3, àkójọ kóòdù JavaScript tí wọ́n fi ń ya àwòrán dátà, ń lò. CGAL, àkójọ kóòdù C++ fún irú ìṣirò báyìí, náà ní Min_sphere_of_spheres_d, tí ẹ̀yin ò bá fẹ́ kọ tiyín.

Mo fẹ́ kìlọ̀ níbí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tẹ́ ẹ máa tètè rí ni ọ̀nà tí Emo Welzl kọ ní 1991, ó kúrú, ó dùn ún wò, fún ojúàmì ni wọ́n sì ṣe é. Ọ̀pọ̀ á kàn fi òbìrìkìtì rọ́pò ojúàmì nínú ẹ̀, ó máa jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn ìdáhùn míì á tiẹ̀ pé, títí di ọjọ́ tí òbìrìkìtì kan á yọ síta. Kaspar Fischer àti Bernd Gärtner ló fi hàn ní 2003 pé ó lè kùnà tó bá jẹ́ òbìrìkìtì, torí ohun tó gbára lé nípa ojúàmì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́ nípa òbìrìkìtì. Ẹ má lò ó níbí.

Tí ìdáhùn tó sún mọ́ òótọ́ bá tó yín

Ọ̀nà kan wà tí ò nílò ìdọ́gba kankan, Mihai Bădoiu àti Kenneth Clarkson ló ṣe é jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín èyíkéyìí. Ẹ wá òbìrìkìtì tí d + r rẹ̀ tóbi jù, ẹ sún lọ sápá ibẹ̀ níwọ̀n ìdajì d + r yẹn. Lẹ́ẹ̀kejì ẹ sún níwọ̀n ìdá mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹta ìdá mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Láti àárín A, B ló jìnnà jù, ẹ bọ́ sí (12.50, −0.62). Níbẹ̀ C ló jìnnà jù, ẹ bọ́ sí (12.30, 6.25), R tó máa kó gbogbo wọn láti ibẹ̀ jẹ́ 15.80. Ìgbésẹ̀ méjì péré, a ti sún mọ́ 15! Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ sí (8.78, 4.46), R fò padà sí 17.48. Bó ṣe máa ń fì nìyẹn, nítorí náà ẹ máa tọ́jú èyí tó dára jù tẹ́ ẹ ti rí, ẹ má kàn mú èyí tó gbẹ̀yìn. Ìlérí tí ọ̀nà yìí ṣe ni pé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ i, àárín yín ò ní jìnnà sí àárín gidi ju R pín sí square root i lọ: 100 ìgbésẹ̀ fún ìdá mẹ́wàá R, 10,000 kó tó di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kó pé gẹ́lẹ́ má dúró síbí.

Nínú kóòdù

Kọ̀ǹpútà kì í fìgbà gbogbo tọ́jú nọ́ńbà tó ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn, bíi 13.51, pé gẹ́lẹ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń béèrè bóyá d + r ò ju R lọ, ẹ fàyè díẹ̀ sílẹ̀, bíi 0.000000001 lọ́nà R. Tẹ́ ẹ ò bá fi í sílẹ̀, òbìrìkìtì tó fara kan ògiri gẹ́lẹ́ á máa jọ èyí tó yọ síta, kóòdù á sì máa padà síbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà láì parí. Tẹ́ ẹ bá sì fi àyè tó pọ̀ jù sílẹ̀, R á kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹyọ òbìrìkìtì kan, pẹ̀lú méjì tó ní àárín kan náà, pẹ̀lú méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú márùn-ún tí àárín wọn tò sórí ìlà kan, pẹ̀lú rédíọ̀sì òdo, pẹ̀lú A, B, C wa yìí tó yẹ kó fún yín ní (12, 5) àti 15. Lẹ́yìn náà ẹ fi 1,000,000 kún gbogbo x àti y, kẹ́ ẹ tún ṣe é. R gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ 15. Tó bá ti ń yẹ̀, ẹ yọ àárín òbìrìkìtì àkọ́kọ́ kúrò lára gbogbo wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, tẹ́ ẹ bá parí kẹ́ ẹ fi í kún x àti y tẹ́ ẹ rí.